Ẹ Wọn Pùrẹ́ṣọ̀ Kí Ẹ Tó Ra Pọ́ǹpù: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Epo Tí Kò Dé Ẹ́ńjìnnì Dáadáa

Lemọ́lemọ́ ni àwọn onímọ́tò máa ń gbé pọ́ǹpù epo tí wọ́n dì sínú láílọ́ọ̀nù dúdú wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Ọ̀gá, ẹ bá mi fi sí i." Bí mo bá béèrè pé ta ló sọ pé pọ́ǹpù ló bàjẹ́, wọ́n á ní mọ́tò ò fà mọ́, ó ń já lórí òkè, wọ́n sì ti síkáànì rẹ̀. Mélòó ni PSI rẹ̀, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wọn pùrẹ́ṣọ̀, agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo? Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀, owó ti jáde lápò, ẹni tó ta ọjà náà ní Ládípò ò sì ní gbà á padà. Ó ń dùn mí gan-an, torí mọ́tò tí wọ́n fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń tún ṣe.

Ẹni tó ní Toyota, Honda tàbí Nissan tó ti dàgbà ni mò ń bá wí, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ́ọ̀mù.

Àṣìṣe kìíní: kíka iná dáṣíbọ́ọ̀dù sódì. Iná yẹ́lò tó ní àwòrán ẹ̀rọ ilé epo, epo tó ń tán nínú tánkì ló ń sọ, kò mọ nǹkan kan nípa pùrẹ́ṣọ̀. Iná pupa tó rí bíi kẹ́tùlù, ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Bó bá tàn, ẹ pa mọ́tò lójú ẹsẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn mọ́tò àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ wa ò ní sensor kankan tó ń wo pùrẹ́ṣọ̀ epo. Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà wọn lè rí ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Á wá tan iná check engine, á sì kọ kóòdù P0171.

Àṣìṣe kejì: ká rí P0171, ká sáré lọ ra pọ́ǹpù. P0171 ò dárúkọ pọ́ǹpù. Rọ́bà afẹ́fẹ́ lè ya, MAF (sensor tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé) lè dọ̀tí, nozzle (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) lè dí, pùrẹ́ṣọ̀ náà sì lè lọ sílẹ̀. Kóòdù kan náà ni gbogbo wọn máa bí. Scanner tí ẹ fi kà á lè bá yín yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ẹ bá ní sùúrù láti wo fuel trim, ìyẹn iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò. Bó bá ga nígbà tí mọ́tò wà lórí slow (tí ẹ ò tẹ tọ́tù), tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ tọ́tù dé 2,500 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé níbì kan. Bó bá dáa lórí slow, àmọ́ tó ń ga sí i bí ẹ ṣe ń tẹ tọ́tù tàbí bí ẹ ṣe ń gun òkè, nígbà náà ni kí ẹ fura sí epo tàbí MAF. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì gba kọ́bọ̀.

Àṣìṣe kẹta ni "ó kúkú ń tú epo, pọ́ǹpù yìí dáa." Wọ́n á já rọ́bà epo, wọ́n á ní kí ọmọ iṣẹ́ ṣíná, epo á tú jáde ṣàà, gbogbo èèyàn á mi orí. Mo mọ ibi tí àṣà yìí ti wá. Orí Peugeot 504 ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá wa ti kọ́ṣẹ́, èyí tó ní kábúrétọ̀. Pùrẹ́ṣọ̀ tí kábúrétọ̀ ń fẹ́ ò tó 10 PSI. Bí epo bá ṣáà ti ń tú, mọ́tò á rìn. Mọ́tò onínozzle kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀. Corolla 2003 sí 2008 àti Camry tá à ń pè ní Big Daddy, 44 sí 50 PSI ni wọ́n ń fẹ́. Pọ́ǹpù tó ti rẹ̀, tí ò lè kọjá 25 mọ́, á ṣì tú epo dé ara ògiri lójú yín. Ojú ò lè ka PSI. Yàtọ̀ sí èyí, epo tí ẹ tú sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná lè jó yín, kó jó mọ́tò, kó jó ṣọ́ọ̀bù.

Géèjì, ohun tí wọ́n fi ń wọn pùrẹ́ṣọ̀, ni ẹ nílò. Mo mọ ìdí tí àwọn kan ò fi fẹ́ lò ó: àwọn Toyota wọ̀nyí ò ní ẹnu tí èèyàn ń so ó mọ́, ó di kí ẹ tú páìpù epo, kí ẹ sì fi T (páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta) sáàárín. Iṣẹ́ ni, àmọ́ ẹ ṣe é. Ẹ yọ relay pọ́ǹpù (súìṣì tó ń fún un ní iná), ẹ jẹ́ kí mọ́tò ṣiṣẹ́ títí tó fi máa kú fúnra rẹ̀, ẹ yọ orí nẹ́gétíìfù bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan páìpù. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so géèjì, tí ẹ dá relay àti bátìrì padà, ẹ kà á lórí slow, ẹ kà á nígbà tí ẹ tẹ tọ́tù, ẹ wá pa mọ́tò, kí ẹ wo aago. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó yẹ kó ṣì wà ní 21 PSI ó kéré tán. Bó bá já wálẹ̀ kíá, tí mọ́tò sì máa ń pẹ́ kó tó dáhùn láàárọ̀, epo ń yọ́ padà sí tánkì tàbí kí nozzle kan máa jò.

Bí géèjì bá wá sọ pé pùrẹ́ṣọ̀ kéré lóòótọ́ ńkọ́? Ẹ ò tíì gbọdọ̀ ra pọ́ǹpù síbẹ̀. Ibí yìí gan-an ló ń bí mi nínú jù. Iná ló ń yí pọ́ǹpù, kò sì sẹ́ni tó ń wo iná.

Bàbá kan wà tó ń fi Corolla 2005 kó àwọn ọmọ iléèwé. Mọ́tò ò lè gun òkè Mọ́kọ́lá mọ́. Ó máa ń já, àwọn ọmọ á máa pariwo lẹ́yìn. Pọ́ǹpù mẹ́ta ni wọ́n ti jẹ́ kó rà: tòkunbọ̀ kan, tuntun kan, tòkunbọ̀ mìíràn. Ó ti gbé èyí tó bá mọ́tò wá fún alágbẹ̀dẹ pàǹtírí. Mo so géèjì: 31. Mo ká àga ẹ̀yìn sókè, mo ṣí ìdérí, mo ki ẹnu mítà bọ ẹ̀yìn ṣọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù láìyọ ọ́, nígbà tí mọ́tò ń ṣiṣẹ́. Fóòtì (volt) mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Lórí bátìrì, ó lé ní mẹ́tàlá. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan wáyà mọ́tò yìí?" Wọ́n ní rárá o, àfi àwọn tó wá so tracker.

Mo bẹ́rẹ̀ wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ti gé wáyà pọ́ǹpù láàárín, wọ́n fi relay kékeré kan sí i kí wọ́n lè pa mọ́tò láti orí fóònù. Wọ́n kàn lọ́ wáyà mọ́ra wọn ni, wọ́n fi séllótéèpù wé e. Nígbà tí mo tú u, kọ́pà inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ara relay náà ti pọ́n bíi súyà, ó sì gbóná débi pé n kò lè di í mú. Mo so wáyà náà padà bó ṣe yẹ, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o. Pọ́ǹpù kan náà, tánkì kan náà, géèjì gòkè lọ dúró sí 47. Bàbá jókòó sórí táyà, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ṣeé ṣe kí pọ́ǹpù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún alágbẹ̀dẹ má bàjẹ́ rárá.

Tracker ò burú, mọ́tò tí olè gbé ò dùn. Ẹ ní kí ẹni tó ń so ó fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà, kó sì lo relay tó lè gbé iná pọ́ǹpù. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ má yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wọn iná. Bí pọ́ǹpù ò bá fa iná, wáyà tó ti jẹrà pàápàá á fi fóòtì méjìlá hàn yín, ẹ ó sì búra pé iná dé. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó ń ṣiṣẹ́: ẹnu mítà kan lórí pọ́síítíìfù bátìrì, èkejì lórí pọ́síítíìfù pọ́ǹpù. Bó bá kọjá ìdajì fóòtì, iná ń ṣòfò lọ́nà. Ẹ ṣe bákan náà fún áàtì, wáyà tó so pọ́ǹpù mọ́ bọ́dì, torí ṣúrúù tó dógùn-ún lára bọ́dì lè fa wàhálà kan náà.

Honda Accord àwọn ọdún 1990, bí Halla, tó bá kọ̀ lọ́sàn-án nínú oòrùn, tó wá dáhùn nígbà tí ilẹ̀ tutù: ẹ wo main relay abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ná. Lẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ máa ń sán. Ẹ tún un jó.

Epo ìsàlẹ̀ tánkì. Láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́, tí lítà epo kan tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480, ọ̀pọ̀ èèyàn ò kún tánkì mọ́, iná yẹ́lò ò sì kú mọ́. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ epo tó yí pọ́ǹpù ká ló ń tù ú lára. Bí epo bá kéré, á gbóná, á sì máa fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀. Bí agbára yín bá ká a, ẹ má jẹ́ kó lọ sí ìsàlẹ̀ ìdá mẹ́rin tánkì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti pípààrọ̀ pọ́ǹpù láìfọ tánkì. Ní February 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ nínú rẹ̀ wọ̀lú, mo rí àwọn tó pa pọ́ǹpù tuntun sínú epo burúkú kan náà. Ẹ fọ tánkì, ẹ pààrọ̀ asẹ́ ẹnu pọ́ǹpù.

Mọ́tò tó ní regulator (ohun tó ń ṣàkóso pùrẹ́ṣọ̀ epo) lórí ẹ́ńjìnnì: ẹ yọ rọ́bà vacuum rẹ̀ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí epo bá wà nínú rọ́bà yẹn, regulator ti ya.

Golf 5 GTI onítọ́bò tó bá kọ P0087, kóòdù pé pùrẹ́ṣọ̀ epo kéré: ẹ yẹ cam follower (irin kékeré tó wà láàárín káàmù àti pọ́ǹpù) abẹ́ pọ́ǹpù ńlá orí ẹ́ńjìnnì wò kó tó jẹ káàmù.

Tí pọ́ǹpù bá wá bàjẹ́ lóòótọ́, tí ẹ sì ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ tún so géèjì kí ẹ rí nọ́ńbà náà fúnra yín. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà ìdérí tánkì pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tó ti wú kì í padà jókòó dáadáa. Bí òórùn epo bá ń jáde lábẹ́ àga ẹ̀yìn, mọ́tò náà ò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.