Ọ̀rinrin Inú Yàrá àti Èémí Ará Ilé

Láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Bàrígà, ọ̀sà ò jìnnà sí wa. Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ wa fi kún fún ọ̀rinrin, pàápàá lásìkò òjò. Òógùn kì í gbẹ lára, ooru á mú èèyàn bíi pé afẹ́fẹ́ ò tó o mí. Afẹ́fẹ́ wà o, omi inú rẹ̀ ló pọ̀ jù.

Omi tí àwa fúnra wa ń kó wọ yàrá ló wà níkàáwọ́ wa: aṣọ tútù tí a sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò tó ń hó láìṣí fèrèsé, páànù tó ń jò.

Ẹ fa wọ́dìróòbù kúrò lára ògiri, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì dúdú tótòtó, tí òórùn aṣọ tí kò gbẹ délẹ̀ sì ń jáde, ògiri ti bu nìyẹn. Ohun tó ń tú sáfẹ́fẹ́ kéré ju ohun tójú lè rí, ṣùgbọ́n ó ń dí imú, ó ń mú èèyàn sín, ó sì lè gbé ikọ́ fée dìde lára ọmọ tó ní in. Ọ̀pọ̀ lanlọ́ọ̀dù á kàn kun ọ̀dà lé e lórí. Ọ̀dà ò ràn án. Bójò bá tún dé, á yọ padà. Ibi tómi ń gbà wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ dí. Lẹ́yìn náà, ẹ bo imú, ẹ fi ọṣẹ fọ ògiri, kó gbẹ dáadáa. Ẹ má gbé wọ́dìróòbù ti ògiri mọ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀.

Ẹ ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra, kí atẹ́gùn gba àárín yàrá kọjá. Ọ̀sán tóòrùn ń ràn ló dáa jù, torí afẹ́fẹ́ ìdájí ló lọ́rinrin jù. Bó bá jẹ́ fèrèsé kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ kọ fáànù sí fèrèsé kó máa fẹ́ síta. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà nítòsí, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e jìnnà ná. Èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn.

Ìwọ̀n tó dáa nínú ilé ni ọ̀rinrin 30 sí 50 nínú 100 (100 ni ìgbà tí afẹ́fẹ́ ò lè gba omi mọ́). Láìsí AC, ó ṣòro l'Ékòó, nítorí náà ẹ rí i pé ògiri, fóòmù àti aṣọ gbẹ.

Nígbà ọyẹ́, ọ̀fun àti imú ló ń gbẹ, eruku sì pọ̀. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò gbígbá.

Bí àyà ọmọ bá ń súfèé, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, tí kò lè sọ̀rọ̀ délẹ̀, ẹ má dúró de àgbo. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.