Bí Mo Ṣe Kó Àwo Katzenjammer Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Jọ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé àwo orin àlòkù kì í wọ́n. Le Pop, àwo Katzenjammer, ẹgbẹ́ olórin ará Nọ́wè, tí mo rà lọ́wọ́ ẹnìkan ní Oslo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì iye rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú ṣì ń bí mi.

Obìnrin mẹ́rin ló wà nínú Katzenjammer nígbà tí wọ́n ṣe àwọn àwo wọ̀nyí. Oslo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005: Anne Marit Bergheim, Marianne Sveen, Solveig Heilo àti Turid Jørgensen. Bánjò, mandolin, akọ́díọ̀nù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń lò, wọ́n á tún máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn bí orin bá ti ń yí padà. Balalaika ńlá kan (ohun èlò olókùn onígun mẹ́ta ti àwọn ará Rọ́ṣíà) wà láàárín wọn tí wọ́n ya ojú ológbò sí lára. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbàgbé.

A Kiss Before You Go (2011) àti Rockland (2015) kò yọ mí lẹ́nu, mo rí wọn rà nítòsí. Le Pop ti 2008 ló fojú mi rí màbo.

Ọ̀gbẹ́ni tó tà á fún mi rò pé òun ń ṣe mí lóore, ó kọ "ẹ̀bùn" sára páálí, kò kọ iye kankan. Àwọn aṣọ́bodè ò gbà. Wọ́n dá ẹrù dúró, wọ́n ní kí n mú rìsíìtì wá. Mo fi ẹ̀rí owó tí mo san ránṣẹ́, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ẹni tó tajà wá. Ọdún Àjíǹde sì ló bọ́ sí! Ará Nọ́wè ti gun òkè lọ sí ilé onípákó rẹ̀, kò gbé fóònù, kò dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́. Èmi jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù, mò ń wo "ẹrù yín ṣì wà lọ́dọ̀ wa" lójoojúmọ́.

Nígbà tó fèsì tán ni bíìlì wá dé. Owó-orí VAT 20%, owó ìfiránṣẹ́ gan-an, wọ́n kà á mọ́ ọn. Owó iṣẹ́ tí àwọn agbẹ́rù bù lé e tún ju owó-orí náà lọ. Ẹ gbọ́ ìyẹn!

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kọ ohun tó wà nínú páálí àti iye rẹ̀ gangan. Ẹ má ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn ará Nọ́wè lásìkò Àjíǹde, tàbí nínú oṣù Keje tí ọ̀pọ̀ wọn ń gba ìsinmi. Bí ẹ bá sì rí i ládùúgbò yín, kó tiẹ̀ wọ́n díẹ̀, ẹ rà á.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, mo ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé! Mo gbọ́ wọn tẹ̀léra: Le Pop ń pariwo, ó ń já sókè já sódò, ti 2011 ní orin Land of Confusion ti ẹgbẹ́ olórin Genesis tí wọ́n tún kọ lọ́nà tiwọn, Rockland sì ti fara balẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń bẹ̀ pé kí n yá òun. Mi ò yá ẹnikẹ́ni.