Bí ológbò tó lè ní olówó bá ń wá jẹun lọ́dọ̀ yín

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ni mo ní ní Parakin, nílùú Ilé-Ifẹ̀, láàárín ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Oṣù Kẹta ọdún 2022 ni ológbò dúdú kan kọ́kọ́ wọlé tọ̀ mí wá. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti padà sọ́dọ̀ òbí wọn, àdúgbò wá pa rọ́rọ́. Ológbò náà gba abẹ́ máṣíìnì kọjá, ó jókòó lé àjákù àǹkárá, ó ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Mo bù díẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dé.

Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ni mo ń kọ èyí fún. Oúnjẹ tí ẹ fún ológbò kò sọ ọ́ di tiyín. Àmọ́ ẹ má torí pé ó lè ní olówó kí ẹ wá jẹ́ kí ebi pa á. Ẹ máa bọ́ ọ, kí ẹ sì máa wá olówó rẹ̀ nígbà kan náà. Ẹni tó bá ṣe ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀, wàhálà ló máa dá sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa

Ẹ jẹ́ kó jẹun tán, kí ẹ jókòó sílẹ̀, kí ẹ na ọwọ́ sí i. Ológbò tí kò gbé lọ́dọ̀ èèyàn rí kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kàn án, ó lè gba oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó má tíì sún mọ́ yín. Èyí tó bá fi orí pa yín lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ilé ẹnì kan ló ti kọ́ ọ.

Ẹ wo ọrùn rẹ̀. Ní ọrùn èyí tó wá bá mi, irun ibẹ̀ tẹ́ pẹ̀lẹ́ yí ká, fífẹ̀ ibẹ̀ kò ju ìka kan lọ, bí ìgbà tí rọ́bà síkẹ́ẹ̀tì bá fàmì sí ìbàdí èèyàn. Aránṣọ ni mí, mo mọ ojú ibi tí nǹkan bá ti fún. Mo fi àtàǹpàkò tú irun náà, mo rí i pé awọ abẹ́ rẹ̀ mọ́, kò dégbò. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì tíì pẹ́ tó já.

Ẹ tún wo bó ṣe ń wá. Tó bá ń dé lásìkò kan náà lójoojúmọ́, tó jẹ díẹ̀, tó fi ìyókù sílẹ̀, tó sì ń gba ọ̀nà kan náà lọ, ó níbi tó ń lọ. Rírù nìkan kò fi hàn pé kò ní olówó. Ológbò tó ṣìnà máa ń tètè rù, èyí tó ti darúgbó náà máa ń rù bí wọ́n tilẹ̀ ń kẹ́ ẹ nílé.

Tó bá jẹ́ abo, ẹ wo ikùn rẹ̀. Bí orí ọmú bá yọ síta, tó pọ́n, tí irun àyíká rẹ̀ sì ti re, ọmọ ń mu ún lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ má tì í mọ́lé láéláé. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè àjà tàbí lẹ́yìn pákó níbì kan, èyí tí kò tíì lajú nínú wọn kò lè pẹ́ láyé láìsí ọmú. Ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ lè rọra tẹ̀ lé e kí ẹ mọ ibi tó kó wọn sí.

Ohun tí ẹ lè fún un jẹ

Mọ́ínmọ́ín tí mo fún un yẹn, àṣìṣe ni. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé àlùbọ́sà, tútù tàbí sísè, máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Aáyù náà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ọbẹ̀ wa kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀, ì báà jẹ́ pé kò ta.

Ṣàwá tàbí kòtè ni mo máa ń sè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òkú èkó fún ara yín, ẹ ní kí wọ́n bá yín ge orí àti ìrù sọ́tọ̀. Ẹ fi omi lásán sè é láìsí iyọ̀, ata tàbí magí, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ yọ eegun ńlá inú rẹ̀. Ẹ má fún un ní eegun adìyẹ tó ti jinná, nítorí ó máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó, ó sì lè ha á lọ́fun. Èèyàn lè pò ìrẹsì díẹ̀ mọ́ ẹja nígbà tówó kò bá tó, àmọ́ ẹran àti ẹja ni ológbò ń jẹ tó fi ń lókun. Ẹ̀bà pẹ̀lú omi ẹja kò lè gbé e ró. Wàrà tí gbogbo wa rò pé ológbò fẹ́ràn, ikùn ọ̀pọ̀ àgbà ológbò kì í lè dà á, ìgbẹ́ gbuuru ló ń dá sílẹ̀. Omi mímọ́ nínú abọ́ pẹrẹsẹ tó.

Ẹ fún un níwọ̀n ohun tó máa jẹ tán lójú yín, kí ẹ kó abọ́ kúrò. Oúnjẹ tó bá sun ìta mọ́jú, eku àti èèrà ló ń pè wá sílé aládùúgbò.

Ìwé ọrùn

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ nìyí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ kínníkínní. Ẹ gé ìwé, kó fẹ̀ tó ìka méjì. Ẹ fi téèpù wọn ọrùn rẹ̀ nígbà tó bá ń jẹun, kí ẹ fi ìṣẹ́pò tí ẹ máa lẹ̀ pọ̀ kún un. Ẹ kọ ọ́ kó tó débẹ̀, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Èyí tí mo kọ ni: “Mo ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ta ló ni mí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe nọ́ńbà yìí.” Ẹ yí i mọ́ ọn lọ́rùn, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ìka yín méjì gbọ́dọ̀ lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́.

Ìwé lásán ni kó jẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kan fẹ́ fi aṣọ rán an kó lè rẹwà, mo ní rárá. Bí igi tàbí wáyà fẹ́ńsì bá kọ́ ìwé, á ya, ológbò á bọ́. Aṣọ tàbí rọ́bà kì í ya, ó lè fún un lọ́rùn, tàbí kí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ há síbẹ̀ títí yóò fi bó o láwọ.

Òjò ba àkọ́kọ́ jẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì kò padà wá. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló gbé Ìyá Alákàrà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó mú ìwé náà lọ́wọ́, ó ní, “Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin náà ń bọ́ Àlejò ni?” Músù ni èmi ń pè é, Àlejò lòun ń pè é. Níbi tá a ti ń sọ̀rọ̀ ni bàbá ọlọ́dẹ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níwájú wa ti sọ pé ọ̀dọ̀ òun ló ń sùn lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá kàn mí gan-an nígbà tá a jọ ka ọjọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ra oògùn aràn fún un. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni bàbá ọlọ́dẹ fún un ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ológbò náà bì, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì ìlọṣọ mi fún odidi ọjọ́ méjì, kò jẹun, bẹ́ẹ̀ ni mo ń rò pé ẹnì kan ló fún un ní májèlé jẹ. Àwa méjì tá a fẹ́ràn rẹ̀ la fẹ́ẹ̀ pa á. Nítorí náà, kí ẹ tó mọ olówó rẹ̀, ẹ má fún un ní oògùn kankan fúnra yín, àfi bí dókítà ẹran bá ti rí i. Parasítámọ́ọ̀lù ni kí ẹ má tilẹ̀ mú súnmọ́ ọn, ẹyọ kan péré lè pa ológbò.

Láti ọjọ́ náà la ti so ìwé kékeré kan mọ́ ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó bá fún un lóúnjẹ á fàlà síbẹ̀. Ẹ ṣe irú rẹ̀ tí ẹ̀yin tó ń bọ́ ọ bá ju ẹnì kan lọ.

Bí ẹ ṣe máa wá olówó rẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ máa bọ́ sí iwájú. Ẹ bi àwọn ọmọdé, wọ́n mọ ológbò tó wà nílé kọ̀ọ̀kan ju àgbà lọ. Ẹ bi àwọn tó ń ṣọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi tó ìpàdé àwọn onílé létí, ẹ fi sórí WhatsApp àdúgbò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi àwòrán rẹ̀ síta, ẹ fi àmì kan pa mọ́. Ológbò yìí ní irun funfun bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún lábẹ́ apá òsì, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan máa ń fẹ́ ológbò fún oògùn, àwọn kan máa ń pa á jẹ, wọ́n sì lè wá bá yín pé tàwọn ni. Ẹni tó bá ní i lóòótọ́ á sọ àmì tí ẹ fi pa mọ́ náà, tàbí kó ní fọ́tò àtijọ́. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan sọ, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ dá a padà.

Ní àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, ẹ má ka oṣù kan kí ẹ ní kò ní olówó mọ́. Kàlẹ́ńdà yunifásítì ni kí ẹ fi kà á. Ìyanṣẹ́lódì ọdún yẹn kò dáwọ́ dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko.

Bàbá ọlọ́dẹ ló bá wa gba nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó ilé náà. Ìlọrin ló wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ó ti fi ológbò náà sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà tún ti lọ sílé. Mo bi í pé kí ni àmì ara rẹ̀. Ó ní, “Mà, irun funfun wà lábẹ́ apá rẹ̀.” Mo bi í ní orúkọ rẹ̀. Ó ní Dúdúyẹmí. Fóònù ṣì wà létí mi tí mo fi pe orúkọ náà síta. Ológbò tó ń sùn lórí àjákù aṣọ gbé orí sókè, ó la ojú méjèèjì, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó tó oṣù méjì tí mo ti ń pè é ní Músù, kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Omi bọ́ lójú mi.

A jọ sọ ọ́ lórí fóònù: èmi máa fún un lóúnjẹ àárọ̀, Ìyá Alákàrà á fún un ní ti ìrọ̀lẹ́, á máa sun ọ̀dọ̀ bàbá ọlọ́dẹ, ẹnikẹ́ni kò sì ní fún un lóògùn láìpe olówó rẹ̀. Ó fi àwòrán káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Àwọn tí kò fẹ́ ẹ nítòsí

Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ológbò dúdú. Bàbá kan nítòsí wa sọ pé tó bá tún gun òrùlé òun lóru, òun á pa á. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́sàn-án gangan, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sọ orúkọ rẹ̀ àti ẹni tó ni ín, mo jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn fọwọ́ pa á lórí. Ológbò tí àdúgbò bá mọ orúkọ rẹ̀ kì í tètè kú ikú òkò. Ìgbà yẹn ni mo tún bẹ̀ wọ́n pé tí wọ́n bá fẹ́ fi májèlé eku sílẹ̀, kí wọ́n sọ fún wa, nítorí ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ májèlé lè bá a kú.

Bí ológbò bá gé yín jẹ tàbí ya yín léèékánná, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ajá nìkan kọ́ ni dìgbòlugi ń mú, ó ń mú ológbò, ó sì ń pa èèyàn. Aboyún kò gbọ́dọ̀ kó ìgbẹ́ rẹ̀, ẹlòmíì ni kó bá a kó o.

Bí ẹ bá wá a títí tí olówó rẹ̀ kò yọjú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran nínú apẹ̀rẹ̀ tí ẹ fi òmíràn dé. Ẹ ní kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí ẹ sì bi wọ́n nípa iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó máa bímọ, nítorí oṣù méjì péré ni oyún ológbò. Ẹ fi í sínú ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó máa jáde.

Tí olówó bá sì dé, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà, ẹ má bèèrè owó ẹja. Nígbà tí ọmọ náà dé nínú oṣù Kẹwàá, ọkàn mi kò fẹ́, àmọ́ èmi ni mo gbé ológbò náà lé e lọ́wọ́. Mo béèrè pé ṣé mo ṣì lè máa fún un lóúnjẹ àárọ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà.” Ìgbà tó jáde ní yunifásítì, òun fúnra rẹ̀ ló kó abọ́, apẹ̀rẹ̀ àti káàdì abẹ́rẹ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n máa mú un. Káàdì náà wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi, nínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí.