Bí Mo Ṣe Kọ́ Ogún Igi Mọ̀ Nínú Igbó Ìbàdàn

Aránṣọ ni mí ní Mọ́lété. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni ọkàn mi ti máa ń fà sí igbó kìjikìji, pàápàá igbó Ituri ní orílẹ̀-èdè Kóńgò, níbi tí àwọn Mbuti ń gbé. Ohunkóhun tí mo bá rí nípa wọn ni mo ń kà. Mo mọ̀ pé àwọ̀n ni wọ́n fi ń dẹ ẹran, tí àwọn obìnrin àtọmọdé á máa pariwo lé ẹran wọnú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bàbá àti ìyá ni wọ́n ń pe igbó. Mo sì ti pinnu pé lọ́jọ́ tí owó bá dé, n ó lọ fojú ara mi rí i.

Lọ́jọ́ kan mo ń sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tó fi iṣẹ́ káfíńtà tọ́ ọmọ márùn-ún. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n nawọ́ sí igi tó wà lẹ́yìnkùlé. "Kí lorúkọ igi yẹn?" Abẹ́ igi yẹn ni mo ti ṣeré dàgbà, n kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ayùnrẹ́ ni. Wọ́n tún bi mí pé, ṣé mo mọ ohun tó ń jẹ́ arère, nígbà tó jẹ́ pé Ìdí-Arère ni mo ti ń ra òwú àti bọ́tìnnì. N kò mọ ìyẹn náà. Ó dùn mí dé ọkàn. Èmi tí mo fẹ́ lọ bá àwọn onígbó ní Kóńgò, n kò lè pe igi ìlú mi lórúkọ.

Bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo fún ara mi ní oṣù mẹ́ta láti kọ́ ogún igi. Kì í ṣe orúkọ lásán ni mo fẹ́ o. Mo fẹ́ kí n lè fi ewé, èèpo àti oje dá igi mọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó, FRIN, ni mo kọ́kọ́ lọ, ní agbègbè Jẹ́ríkò, ní Ìdí-Iṣin. Iṣin náà, igi ni. Láti ọdún 1954 ni wọ́n ti wà níbẹ̀, wọ́n sì ní ilé kan tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí, tí ewé àti òdòdó tó wà nínú rẹ̀ lé ní 100,000. Wọ́n lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ bébà, wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti já a àti ọdún tí wọ́n já a sí i lábẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn ṣí ewé arère sílẹ̀ níwájú mi. Ó là yẹ́bẹyẹ̀bẹ bí àtẹ́lẹwọ́ tó ya ìka. Mo yà á sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ síbẹ̀, mo sì ya ewé méjìdínlógún.

Ibẹ̀ ni ohun kan ti là sí mi. Orúkọ Ìbàdàn, Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ koríko tí igi rẹ̀ fọ́nká, ẹgàn ni igbó ńlá tí òkè igi rẹ̀ papọ̀. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni àwọn baba wa tẹ ìlú dó sí. Ẹ wá wo orúkọ àdúgbò wa: Ìdí-Arère wà láàárín ìlú, igi ẹgàn ni arère, Ìdí-Oṣè wà lọ́nà Mọ́níyà, igi ọ̀dàn ni oṣè. Àwọn tó sọ àdúgbò wọ̀nyí lórúkọ mọ irú ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé.

Ìdí-Oṣè yẹn náà ni ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, wà. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1967 lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 1,000, wọ́n sì fi nǹkan bíi 350 sílẹ̀ fún igbó. Mo gba àṣẹ kí n tó lọ. Oṣù kẹjọ ni mo mú, nígbà tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀. Mo wọ ṣòkòtò gígùn, mo ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, mo wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, mo gbé omi àti ìwé mi. N kò fi lọ́fínńdà sára. Téèpù ìwọnṣọ mi wà lọ́rùn mi bó ṣe máa ń wà.

Bàbá àgbà kan tó ti ń ṣọ́ igbó náà tipẹ́ ló mú mi wọlé. Wọn kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ rárá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí ojú rẹ mọ òkùnkùn ibí ná." Òótọ́ sì ni. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, oòrùn ti mú lójú títì, ṣùgbọ́n nínú ibẹ̀ ńṣe ló dà bí ìrọ̀lẹ́. Nínú igbó tó bá dí dáadáa, ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló ń dé ilẹ̀, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí igi fi ń ga láìyà ẹ̀ka. Òkè ni oúnjẹ wọn wà.

Bí ojú mi ṣe là ni mo rí arère. Ewé rẹ̀ tó wọ́ sílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, àtẹ́lẹwọ́ kan náà tí mo ti yà sínú ìwé, kí n tó gbójú sókè. Gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè yí ìdí rẹ̀ ká bíi pátákó tí èèyàn fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Bàbá ní ilẹ̀ igbó kò lọ́ràá jìnnà, òkè ilẹ̀ ló ti lọ́ràá, nítorí náà igi kì í fi gbòǹgbò walẹ̀ púpọ̀, ó ń tẹ́ ẹ káàkiri ni. Lẹ́yìn arère a rí àràbà, ọ̀mọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, afàrà, àti ọ̀gànwó. Bàbá fi ọ̀bẹ ha èèpo ìrókò díẹ̀, oje funfun bíi wàrà sun jáde. Mo yọ téèpù, mo fi yí i ká. Ínṣì 60 ni téèpù mi. Mo yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ku bí ìbú ọwọ́ méjì kí ẹnu rẹ̀ tó kò.

Àṣìṣe mi nìyẹn, torí bí mo ṣe ń wọn ìrókò, n kò wo ilẹ̀. Ìjàlọ ti gun ṣòkòtò mi dé itan kí n tó mọ̀. Mo fẹ́ dúró máa gbọn ara, Bàbá fà mí lápá: "Kúrò lójú ọ̀nà wọn kí o tó máa ṣà wọ́n!" Ẹ rántí èyí bí ẹ bá máa wọ igbó. Bí ẹ bá dúró máa gbọnra, àwọn mìíràn ń gùn yín bọ̀ ni. A sáré síwájú, a ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, orí àwọn kan já sára ṣòkòtò. Ìjàlọ tó ń rìn lọ yẹn kò ríran o. Òórùn àti ìfọwọ́kàn ni wọ́n fi ń tẹ̀lé ara wọn.

Igi mẹ́fà ni mo ti mọ̀ nígbà yẹn, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà sì ju èje lọ. Ìkeje ni ìrẹ́.

Bí ẹ bá rí ìrẹ́, ẹ lè fojú fò ó dá. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, èèpo rẹ̀ kò jọ ẹni lójú. Bàbá ní igi rọ́bà wa àtijọ́ nìyí, ṣáájú rọ́bà òyìnbó tí wọ́n ń gbìn lóko báyìí. Mo ti kà nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì fọwọ́ kàn án rí. Lẹ́yìn ọdún 1890, nígbà tí ayé ń wá rọ́bà fún táyà kẹ̀kẹ́, wọ́n ya wọ inú igbó ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń kọ ìrẹ́ lára láti fa oje rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ láìdáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ igi náà sì kú láàárín ọdún díẹ̀. Ní Kóńgò ní àsìkò kan náà, abẹ́ Ọba Leopold Kejì ti Bẹ́ljíọ̀m ni ilẹ̀ náà wà, láti 1885 dé 1908. Rọ́bà inú igbó ni wọ́n fi tipátipá rán àwọn èèyàn lọ mú wá, láti ara ìtàkùn àti láti ara ìrẹ́ yìí kan náà. Abúlé tí rọ́bà rẹ̀ kò bá pé, wọ́n lè dáná sun ún. Wọ́n gé ọwọ́ àgbà, wọ́n gé ọwọ́ ọmọdé. Mo gbé ọwọ́ mi lé èèpo igi náà, n kò lè tètè kúrò níbẹ̀. Bàbá kò bi mí ní ohunkóhun, wọ́n dúró dè mí.

Ìsàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀ rọ̀ sí odò ni mo ti rí ohun tó mú inú mi dùn jù lọ. Kì í tilẹ̀ ṣe igi. Ewé gbẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí igi ewé rẹ̀ tó gùn, wọ́n jáde tààrà láti inú ilẹ̀. "O ò mọ ewé eéran ni?" Mo mọ̀ ọ́n! Ewé tí ìyá mi fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, tí wọ́n sì ń to igi rẹ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò. N kò rò ó rí pé abẹ́ ẹgàn ló ti ń hù. Bàbá fọwọ́ túlẹ̀ nídìí rẹ̀, wọ́n yọ èso pupa oníhà mẹ́ta kan. Kóró dúdú ló wà nínú rẹ̀, ohun kan sì rọ̀ mọ́ kóró náà tí mo fi ahọ́n kàn. Àdídùn rẹ̀ kò tètè dé, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, kò lọ mọ́. Ohun tí wọ́n ń yọ lára rẹ̀, thaumatin, dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000.

Àwọn obìnrin Mbuti ló ń kọ́ ilé wọn. Wọ́n á tẹ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọrun, wọ́n á fi ewé mongongo bò ó léraléra bí ìpẹ́ ẹja kí òjò má baà wọlé. Ẹbí kan náà ni mongongo àti ewé eéran wa. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń wo àwòrán ilé wọn, n kò mọ̀ pé ẹbí òrùlé wọn wà nínú ìkòkò mọ́ínmọ́ín wa.

A wá ẹyẹ kan tí. Ẹbí ẹ̀ga ni, dúdú, orí àti àyà akọ rẹ̀ pupa. Malimbus ibadanensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é láti ọdún 1958, ìlú wa ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Kò sí níbòmíràn láyé àfi ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, ó sì ti ń tán lọ.

Nígbà tí a ń padà, mo rí igi obì kan àti ọ̀pẹ mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn. Mo dúró. Igi kì í to ara rẹ̀ báyìí. Bàbá ní oko ni apá ibẹ̀ kí ilé iṣẹ́ tó gba ilẹ̀, igbó ló hù bo oko. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àwọn Batwa, àwọn onígbó ní Uganda, tí wọ́n lé kúrò nínú igbó Bwindi ní 1991 kí ilẹ̀ náà lè di ọgbà àwọn ìnàkí. Mo fẹ́ kí igbó wà. N kò fẹ́ kí a gbàgbé ẹni tó gbin obì yẹn.

Bàbá ní kí n ṣáájú, kí n máa pe igi lórúkọ títí a ó fi jáde. Mo ṣi méjì pè lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà mo padà wá, mo sì pe ogún pé: akòko tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni mo fi kádìí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo lọ ra ewé ní ọjà Bódìjà. Mo bi Ìyá Eléwé pé ibo ni wọ́n ti ń já eléyìí wá.

"Ẹgàn apá Oǹdó ni, sísí aránṣọ. Nígbà tí ìyá mi ń tà á, ìtòsí ibí ni wọ́n ti ń já a, orí ni wọ́n fi ń rù ú wá. Ní báyìí, òru ni mọ́tò wa ń gbéra."

Wọ́n ka ogójì ewé fún mi, wọ́n fi èènì mẹ́ta lé e.