Ìkookò mi tún ti kú: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ranger àti ẹranko rẹ̀

Ní gbogbo Sátidé tí a bá pàdé ní Bódìjà láti ṣe Dungeons & Dragons, eré ìtàn tí a ń fi dáìsì ṣe lórí tábìlì, mi ò tíì ní jókòó tí ẹnì kan á ti na ìwé sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ranger mi yìí, kò lágbára." Mo ti dáhùn ọ̀rọ̀ kan náà títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ranger ni ọdẹ inú eré náà. Beast Master ni ọdẹ tó ń mú ẹranko rìn. Ìwé mẹ́ta ló ṣòfin fún un: Player's Handbook ti 2014, Tasha's Cauldron of Everything ti 2020, àti Player's Handbook tuntun ti 2024. Òfin wọn ò dọ́gba. Kí o tó bi mí ní ohunkóhun, lọ mọ èyí tí DM yín, ìyẹn ẹni tó ń darí eré, ń lò. Ìdajì àwọn ẹjọ́ tí wọ́n ń kó wá bá mi ló ti yanjú níbẹ̀.

Mo wa ìwé òfin ọ̀fẹ́ sórí fóònù mi, mi ò rí ẹranko kankan níbẹ̀.

Kò sí níbẹ̀. Ìwé ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní SRD, Hunter nìkan ló gbé wá fún ranger. Inú ìwé tí wọ́n ń tà ni Beast Master wà. Yá ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ kà.

Mo ti wà ní ìpele 1 láti ìjẹta, ẹranko mi dà?

Ìpele 3. Ní sùúrù.

A ò ní dáìsì olójú 20.

Fóònù lè jù ú fún ọ. Bí bátìrì bá ti kú tí kò sì síná, gé bébà 20, kọ 1 dé 20 sí wọn lára, dà wọ́n sínú igbá, mú ọ̀kan láìwò, kí o sì dá a padà kí ẹlòmíì tó mú tirẹ̀. Bí o kò bá dá a padà, ìṣirò náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi gbogbo ọ̀sán ṣe é láìdá a padà.

Kìnnìún ni mo fẹ́. Kí ló dé tí DM ò gbà?

Gbogbo ọmọ tó bá ti ọgbà ẹranko UI dé ló máa ń fẹ́ kìnnìún. Òfin 2014 sọ pé ẹranko rẹ kò gbọdọ̀ tóbi ju Medium (ìwọ̀n àárín) lọ, CR rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ewu tó wà lára rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju 1/4 lọ. Large ni kìnnìún, CR rẹ̀ sì jẹ́ 1. Huge ni erin, CR 4. Béárì dúdú jẹ́ Medium lóòótọ́, ṣùgbọ́n CR 1/2 ni, kò wọlé. Bí ẹ bá ń lo ìwé 2020 tàbí 2024, pe ẹranko rẹ ní kìnnìún, kò sẹ́ni tó máa dá ọ lẹ́kun. Nọ́ńbà Beast of the Land, ẹranko orí ilẹ̀ tí ìwé náà ti ṣètò, ló máa gbé, bó jẹ́ kìnnìún, bó jẹ́ ajá.

Ẹ̀mí ìkookò mi ò ju 5 lọ, tọ̀rẹ́ mi sì jẹ́ 11. Àbí ó ń rẹ́ mi jẹ ni?

Kò rẹ́ ọ jẹ. Èdè wa ló fà á, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Ìkookò là ń pe wolf, ìkookò náà ni ọ̀pọ̀ wa ń pe hyena. Nínú ìwé, ẹranko méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Hyena ní HP (ẹ̀mí) 5, AC (nọ́ńbà tí ọ̀tá gbọ́dọ̀ jù kí ó tó lè lù ú) 11, CR 0. Wolf ní HP 11, AC 13, CR 1/4. Ojú ìwé hyena ni o ti da nọ́ńbà rẹ kọ. Padà lọ kọ ti wolf.

Ẹranko wo ló dára jù nínú ìwé 2014?

Wolf, bí o bá ní ẹlẹ́gbẹ́ tó ń jà lójúkojú. Ejò olóró ńlá, tí ìwé pè ní giant poisonous snake, bí o bá fẹ́ ìpalára púpọ̀: májèlé rẹ̀ jẹ́ 3d6, ìyẹn àròpọ̀ dáìsì olójú 6 mẹ́ta, ẹni tó bá sì bọ́ nínú rẹ̀ ṣì máa gba ìdajì. Panther, tí èmi máa ń pè ní ẹkùn, ń rìn tó ẹsẹ̀ bàtà 50 nígbà tó bá kàn án, ó sì ní agbára láti gun igi. Àwòdì dára fún ìṣọ́ nìkan. Má ṣe gbé e lọ sójú ìjà.

Ẹranko mi kàn dúró sójú kan, kò ja ìjà kankan.

O ò pàṣẹ fún un ni. Nínú òfin 2014, kí ẹranko rìn kò ná ọ ní nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó bu ọ̀tá jẹ, action tìrẹ, ìyẹn ohun ńlá kan tí o lè ṣe nígbà tó bá kàn ọ́, ni o máa fi pàṣẹ, ìwọ fúnra rẹ ò sì ní ta ọfà nígbà náà. Ibí ni gbogbo èèyàn ti máa ń bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣírò kí ẹ tó bínú. Ranger ìpele 3 tó ní Dexterity (ìyára ara) 16 àti Archery (ọgbọ́n ìtafà) ń ta longbow, ọrun gígùn, pẹ̀lú +7 lórí dáìsì olójú 20, ìpalára rẹ̀ sì jẹ́ 1d8+3, bíi 7.5. Wolf rẹ̀ ń bu èèyàn jẹ pẹ̀lú +6, ìpalára 2d4+4, ìyẹn 9. Bí ọ̀rẹ́ yín kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tá náà, Pack Tactics á jẹ́ kí wolf ju dáìsì lẹ́ẹ̀mejì kí ó mú èyí tó ga. Ta ló wá fi nǹkan ṣòfò níbẹ̀? Láti ìpele 5, bí o bá pàṣẹ kí ó jà, ìwọ náà á lu ẹ̀ẹ̀kan.

Àwa ń lo ìwé 2024. Bonus action mi kì í tó.

Bonus action, ìyẹn ohun kékeré kan tí o lè fi kún action rẹ, kò lè tó, nítorí nǹkan mẹ́ta lò ń fi jà á gbà: Hunter's Mark (idán tí o fi ń sàmì sí ọ̀tá), ohun ìjà ọwọ́ òsì, àti àṣẹ tí o máa pa fún ẹranko. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá kàn ọ́, fi sàmì sí ọ̀tá. Láti ìpele 5, o lè yááfì ọ̀kan nínú ìkọlù méjì rẹ kí ẹranko lù dípò rẹ, bonus action rẹ ò sì ní lọ sí i. Bí o bá fẹ́ràn ohun ìjà méjì, mú scimitar tàbí dagger tó ní àbùdá Nick, kí ìkọlù ọwọ́ òsì lè wà nínú Attack, action ìjà rẹ, fúnra rẹ̀. Àti pé 1d6 Hunter's Mark, tìrẹ ni, ẹ má fún ẹranko. Ó di ìpele 11 kí tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá Tólú ni mí. Ọmọ mi sunkún dé ilé nítorí ẹranko rẹ̀ kú nínú eré yín. Ṣé ó parí nìyẹn?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Kò parí rárá. Bí wọ́n bá ń lo ìwé 2020 tàbí 2024, tí ẹranko náà kò tíì kú ju wákàtí kan lọ, kí Tólú fọwọ́ kàn án, kí ó ná spell slot kan (àyè idán tó ní), láàárín ìṣẹ́jú kan ẹranko á jí pẹ̀lú gbogbo ẹ̀mí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òfin 2014, á wá ẹranko mìíràn nínú igbó, á sì lo wákàtí 8 láti bá a mulẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kó bi DM rẹ̀ léèrè ìwé tí wọ́n ń lò. Ẹ bá mi kí i, mà.

Mo ti ka gbogbo èyí tí ẹ sọ. Ìkookò mi ṣì ń kú.

Èmi náà mọ ìrora yìí. Òun ló gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ mi.

Ranger mi ń jẹ́ Ògúndélé, wolf rẹ̀ ń jẹ́ Ajíjà. Òfin 2014 là ń lò. Mo ti wà ní ìpele 6 nígbà tí owlbear kan, ẹranko olórí òwìwí alára béárì, pa Ajíjà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó kàn án. Mo ní orí burúkú ni. Ògúndélé wọ igbó lọ, ó fi wákàtí 8 bá òmíràn mulẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn dánàdánà fi ọfà méjì pa ìyẹn náà. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, iná ti lọ, àtùpà alágbèéká là ń fi ríran. Mo gbé ìwé ẹranko náà súnmọ́ àtùpà, mo sì rí i pé HP 11 àti AC 13 ló ṣì wà níbẹ̀ láti ìpele 3. Mi ò fi kún un rí.

Nítorí náà, ìwọ náà wo èyí ṣáájú ohun gbogbo. HP ẹranko rẹ ni èyí tó bá ga jù nínú ti inú ìwé àti ìpele ranger rẹ lọ́nà mẹ́rin. Ní ìpele 6, 24 ni. Proficiency bonus rẹ, nọ́ńbà ìmọṣẹ́ tó ń ga bí ìpele rẹ ṣe ń ga, ń wọ AC rẹ̀, ìkọlù rẹ̀ àti ìpalára rẹ̀. Ní ìpele 6, +3 ni, AC wolf wá di 16. Ó tún ní Hit Dice tirẹ̀, ìyẹn dáìsì ìwòsàn, tó lè ná nígbà ìsinmi kúkúrú, mi ò jẹ́ kó ná ọ̀kankan rí.

Mo tún un kọ, inú mi dùn. A tún pàdé owlbear. Àgógó rẹ̀ ń ṣe ìpalára bíi 10, èékánná rẹ̀ bíi 14. Ẹ rò ó pọ̀: 24. Méjèèjì wọlé, Ajíjà kẹta sì lọ. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn títí a fi túká.

Nílé ni mo ti ń rò ó. Ọdẹ ni bàbá àgbà mi, lẹ́yìn Àkànrán. Ó máa ń so ṣaworo mọ́ ajá rẹ̀ lọ́rùn. Lọ́mọdé, mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni, àfìgbà tí bàbá sọ fún mi pé ìgbà tí òun ò bá gbọ́ ohùn ṣaworo mọ́ ni ajá ti jìnnà jù, òun á sì súfèé pè é padà. Mo wá bi ara mi pé níbo ni Ògúndélé máa ń wà nígbà tí Ajíjà bá ń jà? Lórí òkúta ni, pẹ̀lú ọrun, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 80 sí i. Ajíjà nìkan ló wà níwájú owlbear. Pack Tactics kò ṣiṣẹ́ rí, nítorí kò sí ọ̀rẹ́ kankan ní ẹsẹ̀ 5 sí ọ̀tá náà. Gbogbo ìkọlù, òun nìkan ló ń gbà á. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ajá tó bá rẹ́ni tì í lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Ajá tèmi ò rẹ́ni.

Ohun tó tún burú jùyẹn lọ ni pé ìbùjẹ wolf máa ń gbé ọ̀tá ṣubú. Ẹni tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ẹni tó ṣubú ní advantage: á ju dáìsì lẹ́ẹ̀mejì, á mú èyí tó ga. Ẹni tó bá ń tafà láti òkèèrè, disadvantage ni tirẹ̀: èyí tó kéré ló máa mú. Ìgbàkígbà tí ẹranko mi bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó ń ba ọfà mi jẹ́. Ọrun àti wolf kì í gbé nínú ẹ̀dá kan náà. Bí ọrun lo fẹ́, mú ẹranko mìíràn. Bí wolf lo fẹ́, sọ̀kalẹ̀ wá síbi tí ìjà wà.

Mo sọ̀kalẹ̀. Rapier ní ọ̀tún, asà ní òsì. Àkọ́kọ́, Archery mi ti di asán, mo sì rọ́jú bẹ́ẹ̀ títí mo fi dé ìpele 8, níbi tí DM wa ti fàyè gba àfikún 2020 tó jẹ́ kí n pàrọ̀ rẹ̀ sí Dueling, ọgbọ́n ohun ìjà ọwọ́ kan. Òfin kan ṣoṣo ni mo wá ń tẹ̀ lé: Ajíjà kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá. Jagunjagun wa á wọlé, èmi á wọlé, Ajíjà á wá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ̀mí rẹ̀ bá ti dé ìdajì, láti ìpele 7 mo lè fi bonus action sọ fún un pé kó Disengage nígbà tí kò bá jà, á sì kúrò láìsí ẹni tó máa lù ú lẹ́yìn. Ajíjà kẹrin ló bá mi dé òpin ìrìn àjò náà, ní ìpele 12.

DM wa ń lo wolf 2014 pẹ̀lú àṣẹ bonus action ti 2020. Ṣé ó tọ̀nà?

Èyí kọjá ohun tí mo lè fi ìwé dáhùn. Ẹranko 2020 ní HP 5 pẹ̀lú ìpele lọ́nà márùn-ún, ìyẹn 35 ní ìpele 6, ìkọlù rẹ̀ sì ń ti inú Wisdom rẹ wá. Wolf 2014 kò bìkítà nípa Wisdom. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ní láti mọ ohun tó ń yọ àti ohun tó ń fi sí i. DM tó ti darí eré fún ọdún mélòó kan lè ṣe é. Bí tiyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ mú odindi òfin kan, kí ẹ lò ó parí. Bí ó bá sì ta kú pé àdàlù náà lòun fẹ́, ẹ jọ wá ní Sátidé, ìwọ àti òun, kí ẹ mú ìwé ranger àti ìwé ẹranko dání. Ẹ má wá pẹ̀lú ìwé ranger nìkan.