惡: àmì kan, pípè mẹ́ta, àṣìṣe rẹpẹtẹ

Gbogbo ẹni tó ń ka èdè Ṣáínà àtijọ́ ló mọ̀ pé àmì kan lè ní ju pípè kan lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá kan 惡, è, "burúkú", ni wọ́n ń pè é jálẹ̀. Nígbà tí ìwé kò bá yé wọn, wọ́n á tún lọ ra ìtumọ̀ Lúnyǔ (àkójọ ọ̀rọ̀ Confucius) míì. Ẹ fowó yín sápò ná. Àwọn àṣìṣe tó yẹ kí ẹ sá fún nìyí.

1. Pípè é ní è níbi gbogbo. Orí kẹrin Lúnyǔ nìkan ti tó ẹ̀rí. Ní 4.9, 惡衣惡食 ni aṣọ àti oúnjẹ tí kò dáa: è. Ní 4.3, 能惡人 ni "ó lè kórìíra ènìyàn": wù, torí ọ̀rọ̀-ìṣe ni, 人 sì ni àbọ̀ rẹ̀. Ní 4.5, 惡乎成名 ń béèrè báwo ni onítọ̀hún yóò ṣe lórúkọ: wū.

Èyí tó ń bí ni nínú jù ni 如惡惡臭 inú Dàxué, ìwé àtijọ́ míì. Àmì kan náà tò léra, àwọn kan á sì pè é ní "è è" láìwojú ẹnikẹ́ni! Wù è ni: àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ìkejì jẹ́ ẹ̀yán fún 臭, "bí ẹni kórìíra òórùn burúkú". 如好好色 tó tẹ̀ lé e ṣe bákan náà: hào hǎo, "bí ẹni fẹ́ràn ẹwà". Ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn àmì náà. Bó bá gba àbọ̀, wù ni. Bó bá ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ, è ni. Bí 乎, 在, 得 tàbí 能 bá tẹ̀ lé e nínú ìbéèrè, wū ni. (能惡人 yàtọ̀: iwájú ni 能 wà níbẹ̀.) Ìgbà míì gírámà kì í dájọ́: 無惡也 ní 4.4, Zhu Xi, onímọ̀ tó kọ àlàyé sórí Lúnyǔ, ní è ("kò sí ibi"), àwọn kan kà á sí wù ("kò sí ìkórìíra").

2. Ríra ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ti yọ àlàyé Zhu Xi kúrò nínú rẹ̀. Inú àlàyé náà gan-an ni ìdáhùn wà: 去聲 (orúkọ ohùn kan) ni wù, 平聲 (ohùn mìíràn) ni wū, 如字 ("ẹ pè é bó ṣe wà") ni è.

3. Fífi Mandarin òde òní ka fǎnqiè, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń júwe pípè àmì kan pẹ̀lú àmì méjì: ìbẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́, ìyókù ti ìkejì. Guǎngyùn, ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ (1008), kọ 烏各切 (烏 pẹ̀lú 各) fún è, ẹlòmíì á so wū mọ́ gè, á pe "wè". Láyé ìgbà náà, k ló parí 各; Mandarin ló gé e sọnù. Ó ṣì wà nínú ok ti Cantonese àti aku ti Japan.

Ẹ má gbé ě, pípè 噁 (èébì gbígbé), wọnú ìwé àtijọ́ torí pé àmì tí wọ́n gé kúrú kan náà, 恶, ni wọ́n fi ń kọ 惡 àti 噁 ní Ṣáínà lónìí.

Àwa Yorùbá ní ọ̀fìn tiwa. Àmì orí wù jọ àmì ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n òkè ni ohùn náà ti ń já bọ́. Wū ló sún mọ́ ohùn òkè wa. E inú è kì í sì í ṣe e tàbí ẹ: ahọ́n lọ sẹ́yìn bíi ti o, ètè kò ká.

Ẹ sì tún ṣọ́ra fún 惡!是何言也 nínú ìwé àtijọ́ Mèngzǐ. Wū ni, igbe lásán: "Háà! Irú ọ̀rọ̀ wo nìyí?"