Kẹ́ ẹ tó dúpẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó: bí a ṣe ń tọpa owó tó wà lórí pátákó iṣẹ́

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa n'Íbàdàn. Kí n tó fẹ̀yìntì, ẹ̀ka ìṣirò owó ní ìjọba ìbílẹ̀ ni mo wà, fáúṣà ni mò ń kà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara mi kì í gbà á tí wọ́n bá ri pátákó iṣẹ́ tuntun mọ́lẹ̀, tí ẹnìkan sì dìde nípàdé pé, "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́, òyìnbó ló fi ta wá lọ́rẹ." Ta ló ni owó náà? Ta ni yóò san án padà? Ọwọ́ ta ló wà báyìí? Ìdáhùn wà, ẹ ò sì nílò kẹ́ ẹ mọ ẹnikẹ́ni ní Sẹkitéríàtì kẹ́ ẹ tó rí i.

Ìdí pátákó ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí pósítà àwọn olóṣèlú tó bò ó. Ẹ fi orúkọ gómìnà tí wọ́n kọ gàdàgbà sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò: orúkọ iṣẹ́ náà gan-an, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, àti àwọn lẹ́tà bíi USAID (ti Amẹ́ríkà), FCDO (ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), AFD (ti Faransé), JICA (ti Japan) tàbí IDA (ti Báǹkì Àgbáyé). Àwọn lẹ́tà yẹn ló ń sọ irú owó tó jẹ́.

Tó bá jẹ́ USAID tàbí FCDO ló wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Owó orí táwọn ará Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san ni, ti ọmọ yín tó ń ṣiṣẹ́ ní Houston tàbí Peckham wà níbẹ̀. Owó yìí kì í sábà gba àpò ìjọba wa kọjá. Wọ́n á gbé e fún ilé iṣẹ́ ńlá kan lọ́dọ̀ tiwọn, ìyẹn á yọ tirẹ̀, á gbé ìyókù fún àjọ kan l'Ábújà, àjọ náà á wá rán ọmọ ọ́fíìsì wá bá yín pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tàbí oògùn. Àjọ tó dé ọ̀dọ̀ yín yẹn ni kẹ́ ẹ bi léèrè, kì í ṣe káńsẹ́lọ̀.

Àlébù ọ̀fẹ́ ni pé ẹni tó ń fúnni lè káwọ́ kò nígbàkúgbà. Ní January 2025 ni ìjọba Trump dá owó dúró. Nígbà tó fi di July 1, USAID ti kógbá sílé, State Department ló gba ohun tó ṣẹ́kù. Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Láti 1970 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ní kí àwọn orílẹ̀-èdè olówó máa yọ sẹ́ǹtì 70 nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là tó ń wọlé fún wọn, kí wọ́n fi ṣèrànwọ́. Gẹ̀ẹ́sì dé ibẹ̀ ní 2013, ó já a wá sí 50 ní 2021, wọ́n sì ti kéde pé yóò di 30 tó bá fi máa di 2027. Ẹ tún gbọ́ èyí: ní 2022 àti 2023, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìrànwọ́ wọn tí wọ́n ná sórí àwọn tó sá wá forí pamọ́ sílùú wọn, owó hòtẹ́ẹ̀lì wà lára rẹ̀. Owó náà kò kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá, ìrànwọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Òfin ìṣirò wọn gbà á láyè. Ká ní èmi ni mo kọ irú fáúṣà bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́un, ọ̀dítọ̀ á ti mú mi.

IDA ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí Nàìjíríà jẹ lówó lókè òkun, tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ̀ka Báǹkì Àgbáyé ni, 1960 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ṣe ń ṣe: ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn orílẹ̀-èdè olówó ń dá owó sí i, owó táwọn tó yá tẹ́lẹ̀ ń dá padà náà ń wọlé, wọ́n á tún kó o jáde fún ẹlòmíì. Ní December 2024, ní Seoul, bílíọ̀nù 23.7 dọ́là ni wọ́n dá. Wọ́n ní tí wọ́n bá ro owó tó ń padà wọlé àti èyí tí wọ́n máa yá lọ́jà mọ́ ọn, yóò di bílíọ̀nù 100. Àwọn orílẹ̀-èdè tí gbèsè ti mu dé ọrùn ń rí ọ̀fẹ́ gbà nínú rẹ̀. Àwa ní Nàìjíríà, ẹ̀yáwó ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Ìbàdàn. Àwa tá a fojú rí Ògùnpa ti 1980 rò pé a ti rí tán, àfi ìgbà tí àgbàrá August 26, 2011 gbẹ̀mí èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní June 2014, IDA fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Ibadan Urban Flood Management Project. Àtúnṣe dáàmù Ẹlẹ́yẹlé wà lára rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló tọwọ́ bọ̀wé, ó wá yá ìjọba Ọ̀yọ́. Èlé rẹ̀ kéré, kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ọdún gbọọrọ ni wọ́n sì fún wa láti fi san án. Àmọ́ kì í ṣe náírà la ó fi san án. Lọ́dún 2014, mílíọ̀nù 200 dọ́là jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 31 náírà. Nígbà tí 2024 ń parí, ó ti di nǹkan bíi bílíọ̀nù 300. Gọ́tà kò sì fẹ̀ sí i o.

Kẹ́ ẹ lè rí ibi tí owó tá a fi ń san gbèsè ti ń jáde, ẹ lọ sí sáìtì DMO, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó gbèsè, ẹ wá gbèsè òkè òkun ìpínlẹ̀ yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí tábìlì FAAC, ìyẹn owó tí wọ́n ń pín fáwọn ìpínlẹ̀ lóṣooṣù l'Ábújà, tí NBS, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀, ń gbé jáde. Orúkọ ìpínlẹ̀ wà lápá òsì. Ẹ fi ìka tọ ìlà náà lọ sápá ọ̀tún títí ẹ ó fi kan ibi tí wọ́n kọ "External Debt" sí. Iye tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti yọ kí owó oṣù náà tó dé ọwọ́ gómìnà.

 

Iṣẹ́ Báǹkì Àgbáyé rọrùn láti wá ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sí projects.worldbank.org, nọ́ńbà rẹ̀ á jáde, lẹ́tà P ló ń ṣáájú. Ìwé tó ń jẹ́ Project Appraisal Document gùn, ẹ má kà á tán, tábìlì iye owó ni kẹ́ ẹ lọ bá. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Implementation Status and Results Report, ìròyìn ibi tí iṣẹ́ dé. Ẹ wo iye tí wọ́n ti san jáde nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ wá jáde lọ wo ojú iṣẹ́. Tí owó bá ti lọ jìnnà tí gọ́tà kò kúrò lójú kan, ẹ ti rí ìbéèrè yín.

Ta lẹ ó bi? Báǹkì Àgbáyé kì í gbẹ́ gọ́tà. Ọ́fíìsì kan wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PIU (Project Implementation Unit). Òun ló ń gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, tó sì ń san owó. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lábẹ́ òfin FOI ti 2011, èyí tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba: iye tí wọ́n gbéṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe, iye tí wọ́n ti san, ọjọ́ tó yẹ kó parí. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn. Tí wọ́n bá ní òfin àpapọ̀ kò kan ìpínlẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ilé ẹjọ́ tó ga jù ti parí ìyẹn ní April 2025. Ẹ mú ẹ̀dà méjì dání. Ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọkùnrin tó wà nídìí tábìlì bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo ní, "Ọmọ mi, ṣáà bá mi lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi."

Tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ wó ilé yín nítorí iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ kọjá lẹ́tà FOI. Ẹ kọ́kọ́ bá PIU àti ọ́fíìsì Báǹkì Àgbáyé l'Ábújà sọ ọ́, kẹ́ ẹ tọ́jú gbogbo ìwé. Tí wọn ò bá dáhùn, Inspection Panel, ìgbìmọ̀ Báǹkì Àgbáyé tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, wà láti 1993 fún irú ẹ̀ báyìí. Àwọn ará Badia East l'Ékòó, tí wọ́n wó ilé wọn ní February 2013, gba ibẹ̀ lọ. Ìjọba Èkó padà san owó fún àwọn èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló tẹ́ lọ́rùn. Èèyàn méjì ti tó láti kọ ọ́. Ẹ lè fi Yorùbá kọ ọ́, ẹ sì lè ní kí wọ́n má dárúkọ yín. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó ju oṣù 15 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kásẹ̀ iṣẹ́ náà nílẹ̀, torí wọn ò ní gbà á mọ́.